Kílíà Kì Í Hù Padà

Nígbà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí omi òjò kò ṣù mọ́ lórí rẹ̀ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, tí àbàwọ́n funfun sì ń yọ káàkiri ara rẹ̀, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ohun tí wọ́n fi pa ọkọ̀ náà lára ti gbó, pé kí wọ́n ha á kúrò kí wọ́n lè fi òmíràn pa á. Ìmọ̀ràn kò wọ́n nílẹ̀ nípa bí wọn yóò ṣe ha á: kẹrosíìnì, pẹtirólù, tínà, ọṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n pò kí ó ki, ìpara kọ́ńpáùn tí ń ha ojú ọ̀dà àti ẹ̀rọ, títí dórí sándípépà olómi. Gbogbo wọn ló ní ibi tí wọ́n ti wúlò. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni pé ọwọ́ ti máa ń kan irinṣẹ́ kí ojú tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ yọ. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú orí yìí ni pé ohun tí ó so ààbò náà mọ́ ọ̀dà ni ó yẹ kí ó pinnu ohun tí a ó fi tú u, àti pé ohunkóhun tí ó bá ń ha ọ̀dà ni kí ó gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́ náà, nítorí pé kílíà, ìpele tí ó wà lókè ọ̀dà, tí a bá ti ha lọ, ọkọ̀ kò ní ọ̀nà kankan tí yóò fi hu òmíràn.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, ó yẹ kí á mọ ohun tí ó wà lórí irin ọkọ̀. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀, wọ́n á ri irin náà bọ inú agbada ọ̀dà, wọ́n á sì fi iná mànàmáná mú kí ọ̀dà náà lẹ̀ mọ́ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìpele yìí, tí ó máa ń nípọn tó máíkírọ́nù 20, ni kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Páráímà wà lórí rẹ̀, nǹkan bíi 30 sí 35. Àwọ̀ tí ojú ń rí, ìbáà ṣe pupa tàbí dúdú, ni ó tẹ̀ lé e, kì í sì í sábà ju bíi 15 lọ. Kílíà ló wà lókè pátápátá, kò ní àwọ̀ kankan, ó sì máa ń wà láàárín 40 sí 50. Máíkírọ́nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Irun orí ènìyàn kan ṣoṣo máa ń tó nǹkan bíi 70, èyí tí ó já sí pé gbogbo kílíà tí ọkọ̀ ní lójú ayé rẹ̀ kò tó irun orí kan ní ìnípọn. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ DuPont gbé ọ̀dà Duco jáde ní 1923, àwọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó wà lókè, irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ sì fẹ́ kí wọ́n fi kọ́ńpáùn ra á kí ó tó dán. Títí wọ inú àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ṣì ń jáde láìní kílíà. Bí oníṣẹ́ bá ra ọkọ̀ pupa, tí aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sì di pupa, kò sí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, ohun tí ó gbó ní òkè ló ń kúrò kí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ lè tàn. Inú ayé yẹn ni àṣà ríra ọkọ̀ ti wá. Ọ̀gá fi kọ́ ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ di ọ̀gá, ó sì fi kọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà tí wọ́n ń ra ti yí padà.

Iṣẹ́ tí kílíà ń ṣe ju dídán lọ. Àwọn tí ó ṣe é ti po kẹ́míkà mọ́ ọn láti gba ìtànṣán oòrùn tí ojú kò lè rí, ìyẹn ultraviolet, mọ́ra kí ó tó dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì ti fi òmíràn sí i láti pa ìbàjẹ́ tí ìtànṣán náà bá dá sílẹ̀ láàárín àwọn mólékù. Ní gúúsù Florida ní Amẹ́ríkà, níbi tí oòrùn, ooru àti ọ̀rinrin ti pàdé, àwọn ilé iṣẹ́ ọ̀dà máa ń to abala irin tí wọ́n kùn sí ìta gbangba fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó gbà pé kílíà kan yè. Apá ibẹ̀ wà ní bíi digírì 25 sí 26 sí agbedeméjì ayé. Èkó kò ju bíi 6 àti ààbọ̀ lọ, ìyẹn ni pé a súnmọ́ agbedeméjì ayé, níbi tí oòrùn ti ń kan orí, ju wọn lọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní òpin àwọn ọdún 1980 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 sì fi hàn bí ìtànṣán yìí ṣe lágbára tó. Ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í bó lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò tí ì pẹ́. Àwọn tí ó ṣe àwọn ọkọ̀ náà ti yọ páráímà kúrò nínú ètò ìkunkọ̀ wọn, ìtànṣán sì ń gba inú kílíà àti àwọ̀ kọjá, ó ń ba ojú ọ̀dà ìsàlẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí tí ohun tí ó wà lórí rẹ̀ kò fi rí nǹkan dì mú mọ́. Ìpele kan tí kò sí níbi tí ó yẹ kí ó wà ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi ẹ̀rọ dín kílíà kù ní ọdọọdún ń ṣí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fún oòrùn láti òkè wá.

Èyí gan-an ló jẹ́ kí àyẹ̀wò ojú ṣe pàtàkì ju irinṣẹ́ lọ. Bí ẹ bá rí i lórí òrùlé ọkọ̀ pé ohun funfun kan ń ṣí bí awọ tí oòrùn jó, tí ó ní etí tí èékánná lè kọ́, ìda kọ́ nìyẹn. Ìda kì í ṣí ní abala-abala. Bó ṣe ń ṣá náà ni ó ń tán. Kílíà fúnra rẹ̀ ló ti kú níbẹ̀. Kò sí ààbò àtijọ́ kankan tí ẹ fẹ́ yọ, kọ́ńpáùn yóò sì gbé àwọ̀ lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Iṣẹ́ akunkọ̀ ni ó kù, kí á má tan ara wa jẹ.

Ẹ jẹ́ kí á wá mú àwọn ààbò náà bí wọ́n ṣe di ọ̀dà mú sí. Ìda ni wọ́n ti ń lò pẹ́ jù láàárín wọn, èyí tí ó sì lókìkí jù ni carnauba, tí wọ́n ń gbọ̀n lára ewé ọ̀pẹ kan tí ń hù ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil, ní Ceará àti Piauí. Kì í yọ́ títí ooru yóò fi tó digírì 82 sí 86, nígbà tí ìda oyin máa ń yọ́ ní bíi 62 sí 64. Bọ́nẹ́ẹ̀tì dúdú tí wọ́n gbé sí oòrùn ọ̀sán lè gbóná ju 70 lọ, ìdí nìyí tí carnauba fi níyì lójú oníṣòwò ìda ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan kò so ó mọ́ kílíà ju pé ó jókòó síbẹ̀ lọ. Ọ̀nà tí a fi ń yọ ọ́ kò ju ọ̀nà tí a fi ń yọ oje igi lọ́wọ́: epo ni a fi ń pa oje kúrò, nítorí pé omi àti oje kì í bára wọn tan. Bí epo ṣe ń tú oje náà ni kẹrosíìnì ṣe ń tú ìda. Nígbà kan rí, bí àwọn ilé iṣẹ́ bá ń fi ọkọ̀ tuntun ránṣẹ́ gba orí òkun, wọ́n máa ń fi ìda tí ó nípọn bò ó kí iyọ̀ òkun má bà a jẹ́. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, epo tí ó jọ kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń fọ ìda náà kúrò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Nítorí náà, kò yẹ kí á fi ẹni tí ó ní kẹrosíìnì ń yọ ìda ọkọ̀ ṣẹ̀sín. Ẹ rẹ aṣọ rírọ̀ sínú díẹ̀ lábẹ́ ìbòòji, ẹ fi nu ibi kékeré kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi aṣọ mìíràn nu ún gbẹ, kí ẹ sì fi omi ọṣẹ fọ epo náà kúrò kí eruku má baà lẹ̀ mọ́ ọn.

Àwọn kan yóò sọ pé bí kẹrosíìnì bá ṣe é, tínà àti pẹtirólù yóò tún ṣe é yá, pé ó pẹ́ tí àwọn ti ń lò ó, kò sì bá nǹkan kan jẹ́. Mo gbà pé ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n ń sọ. Kílíà tí ilé iṣẹ́ fi ooru tó bíi digírì 140 yan, àwọn mólékù rẹ̀ ti so mọ́ ara wọn débi pé tínà tí ó bá kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lè lọ láìfi àpá sílẹ̀. Àmọ́ mélòó nínú àwọn tọ́kùnbọ̀ tí ń rìn nílẹ̀ wa ni gbogbo ara wọn ṣì jẹ́ ọ̀dà ilé iṣẹ́? Èyí tí wọ́n ti tún kùn lẹ́yìn ìjàǹbá, bí ó bá jẹ́ ọ̀dà tí ń gbẹ nípa pé tínà inú rẹ̀ fò lọ, tínà yóò tún sọ ọ́ di olómi, torí pé ohun tí wọ́n fi pò ó náà ni wọ́n ń dà padà sí i. Ọ̀nà àtimọ̀ kò le. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ wá ibi tí ojú kì í dé ní etí rẹ̀, ẹ fi òwú tí ẹ kán tínà díẹ̀ sí ra á. Bí òwú náà bá mú àwọ̀, tàbí tí ibẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ìka, kò sí tínà mọ́ fún ọkọ̀ yẹn, àní kẹrosíìnì gan-an, díẹ̀díẹ̀ ni. Ní ti pẹtirólù, èmi kò rí àwíjàre kankan fún un. Kẹrosíìnì ní láti gbóná tó digírì 38 ó kéré tán kí oru rẹ̀ tó lè gbiná. Oru pẹtirólù ṣetán láti gbiná nígbàkígbà, kódà nínú òtútù tí a kò mọ̀ rí nílẹ̀ Yorùbá. Benzene tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti kà mọ́ àwọn tí ó dájú pé ó ń fa àrùn náà. Ọmọ iṣẹ́ tí ń fa oru yẹn símú láti àárọ̀ dalẹ́ ni ó ń san owó tí oníbàárà rò pé òun fi ṣẹ́kù.

Ọṣẹ kò gba àlàyé púpọ̀. Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ àwo kò fi bẹ́ẹ̀ kápá ìda tí ó ṣì dúró dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri. Ọṣẹ ìfọṣọ lágbára ju ìyẹn lọ nítorí kẹ́míkà tí ó jọ omi eérú tí wọ́n pò mọ́ ọn, ìwẹ̀ kan tàbí méjì pẹ̀lú rẹ̀ kì í sì í pa kílíà tí ara rẹ̀ yá. Ohun tí ó ń dá àpá síbẹ̀ ni hóró ọṣẹ tí kò tíì yọ́ tán, tí wọ́n fi fóòmù kan náà tí ó ti gbá ilẹ̀ ra mọ́ ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó yọ́ tán nínú omi, kí ẹ sì ṣàn án dáadáa. Àwọn ìda àtọwọ́dá tí ń pẹ́ ju carnauba lọ lè fẹ́ kí á fi ọtí isopropyl tí a pò mọ́ omi nù wọ́n lẹ́yìn ọṣẹ náà.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni ààbò tí wọ́n ń pè ní sẹ̀rámíìkì. Olómi ni nínú ìgò. Nígbà tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá kàn án, àwọn mólékù rẹ̀ á so kọ́ ara wọn, wọ́n á di àwọ̀n sílíkà, ohun kan náà tí ó pọ̀ jù nínú iyanrìn àti gíláàsì, wọ́n á sì di kílíà mú gírígírí. Ìpele kan rẹ̀ tí ó bá ti gbẹ kì í sábà ju máíkírọ́nù 1 sí 2 lọ. Kẹrosíìnì kò rí ohun kan ṣe sí i. Ọṣẹ kò lè tú u. Ẹnìkan lè wá sọ pé, bó bá jẹ́ sílíkà ni, ṣebí kẹ́míkà tí ń jẹ sílíkà wà. Òótọ́ ni, ó wà. Hydrofluoric acid ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó tún ń gba awọ ara ènìyàn wọlé, ó ń di káṣíọ́ọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ mú títí ọkàn fi lè dúró, ìrora rẹ̀ sì lè má bẹ̀rẹ̀ títí wákàtí mélòó kan yóò fi kọjá lẹ́yìn tí ó ti wọlé. Kò yẹ kí ó dé ilé ìfọkọ̀ rárá. Sódà kọ́sítíìkì tí àwọn tí ń ṣe ọṣẹ mọ̀ dáadáa náà lè jẹ sílíkà díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ó ń jẹ alumíníọ́ọ̀mù kíá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í dá kílíà tí ó wà lábẹ́ sí. Kí ó tó jẹ máíkírọ́nù kan tí a fẹ́ mú kúrò, ó ti jẹ ohun tí a fẹ́ tọ́jú. Nítorí náà, fún sẹ̀rámíìkì nìkan, ìraǹkan ni ó kù. Mo ti ń sọ pé kí ìraǹkan gbẹ̀yìn. Ibí ni ẹ̀yìn náà.

Síbẹ̀, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ìbéèrè kan ṣì wà tí ọ̀pọ̀ kì í bi: ṣé sẹ̀rámíìkì náà ti kú lóòótọ́? Pé omi kò ṣù mọ́ lórí rẹ̀ kò tó ẹ̀rí. Omi bọ́họ́ọ̀lù ní ọ̀pọ̀ ibi kún fún ohun tí ń di ẹfun nígbà tí ó bá gbẹ sórí irin gbígbóná. Ọ̀rá èéfín àti ìyẹ̀fun irin bíréèkì ń bọ́ sórí ọkọ̀ lójoojúmọ́. Gbogbo wọn lè bo ojú sẹ̀rámíìkì tí ó ṣì wà níbẹ̀ láàyè. Ẹ fọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò pẹ̀lú ọṣẹ tó lágbára, ẹ fi ọtí kíkan tí a fi omi là nu ibi tí ẹfun wà, tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí ẹ là bákan náà, kí ẹ sì fi omi púpọ̀ ṣàn án lójú ẹsẹ̀. Ásíìdì bátìrì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ó ṣeé ṣe kí omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù, kí iṣẹ́ sì parí síbẹ̀. Àkókò ọyẹ́ ni kí á ṣọ́ra jù. Eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad ní quartz nínú, òkúta tí líle rẹ̀ tó 7 lórí òṣùwọ̀n Mohs, tí ó lè ha irin ọ̀bẹ. Aṣọ gbígbẹ tí awakọ̀ fi ń gbọn eruku bẹ́ẹ̀ nù láàárọ̀ ń ṣe iṣẹ́ sándípépà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Omi ni kí ó kọ́kọ́ gbé eruku lọ.

Bí ó bá di dandan kí á ra á, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn ìnípọn ọ̀dà ni kí á kọ́kọ́ mú. Agbára òòfà ni ó fi ń ṣiṣẹ́ lórí irin, ó sì ní ọ̀nà mìíràn fún alumíníọ́ọ̀mù. Ilẹ̀kùn tí ó kà tó 110 sí 130 sábà máa ń jẹ́ ti ilé iṣẹ́. Èyí tí ó bá kà tó 300, wọ́n ti tún un kùn, èyí tí ó bá sì ju 1,000 lọ, púútì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí iye tí kò tó 80, ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn ti ra á ṣáájú yín, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kà tó 300 lè máa yọ̀ pé ọ̀dà òun nípọn, ṣùgbọ́n láti irin dé òkè ni ẹ̀rọ náà ń wọ̀n. Kò sọ iye tí ó jẹ́ kílíà nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ páráímà ló nípọn, kí kílíà rẹ̀ má tó ti ilé iṣẹ́.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni pé kí á yan èyí tí ó rọ̀ jù, kí á wo ohun tí ó ṣe, kí á tó lo èyí tí ó le jù ú. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ìṣirò sì gbè é lẹ́yìn. Ìpara ìdán tí ó kúnná jù kì í sábà mú tó máíkírọ́nù kan lọ. Kọ́ńpáùn pẹ̀lú fóòmù líle lè mú 1 sí 3, sándípépà sì lè mú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kílíà bá jẹ́ 45, tí wọ́n ń fi kọ́ńpáùn mú 2 lọ lọ́dọọdún, mẹ́wàá ti lọ ní ọdún márùn-ún, ó ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Ẹ lẹ téèpù yí ibi tí ó fẹ̀ tó ìbú ìwé ìròyìn kan ká lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi fóòmù rírọ̀ àti ìpara tí ó kúnná ra inú rẹ̀, kí ẹ̀rọ máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́, kí irin má sì gbóná ju ohun tí ọwọ́ lè gbà lọ. Ẹ fi ọtí isopropyl nù ún, torí epo inú ìpara ìdán máa ń dí ojú àpá híha, ó sì ń mú kí omi ṣù bí ẹni pé ààbò ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wọ́n omi sí i. Bí omi bá tẹ́ lọ pẹrẹsẹ nínú téèpù, tí ó sì ṣù rúbúrúbú lóde rẹ̀, sẹ̀rámíìkì ti lọ nínú ibẹ̀, ẹ sì ti mọ ìwọ̀n tí ẹ ó lò fún gbogbo ara ọkọ̀. Bí ó bá ṣì ń ṣù nínú téèpù, ẹ gùn sókè díẹ̀, kì í ṣe pé kí ẹ fò bọ́ sórí sándípépà.

Àtakò kan tí mo kà sí ni ti ẹni tí ó sọ pé kí á má wulẹ̀ da ara wa láàmú, pé bí kílíà bá tán, akunkọ̀ wà ládùúgbò. Owó rẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn mi. Ooru tí ilé iṣẹ́ fi yan ọ̀dà àkọ́kọ́ kò ṣeé lò fún ọkọ̀ tí ó ti ní ìjókòó, wáyà àti ike nínú. Àwọn tí ń tún ọkọ̀ kùn nínú yàrá gbígbóná kì í sábà kọjá bíi digírì 60, oòrùn lásán sì ni ọ̀pọ̀ ń lò. Akunkọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ lè fún ọkọ̀ ní àwọ̀ tí ó rẹwà, ṣùgbọ́n kò lè dá ti àkọ́kọ́ padà.

Ọ̀rá ike tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú ọkọ̀ kí òkúta má baà ha á kò yàtọ̀ nínú ìlànà yìí. Gọ́ọ̀mù ló dì í mú, ooru ni yóò sì mú kí gọ́ọ̀mù náà rọ̀. Ẹ fi omi gbígbóná tàbí ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná mú kí ó rọ̀, kí ẹ fà á padà sẹ́yìn sórí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má fà á sókè. Lórí ibi tí wọ́n ti tún kùn, ó lè gbé ọ̀dà dání, nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ìwọ̀n wo ibẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí ó bá ṣẹ́kù, kẹrosíìnì yóò gbé e.

Ní ti etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìlà tí ó yọ gọngọ lára ilẹ̀kùn àti igun bọ́ńpà, ọwọ́ ni kí á fi ṣe é, tàbí kí á lẹ téèpù bò ó. Fóòmù ẹ̀rọ máa ń kó gbogbo agbára rẹ̀ lé etí bẹ́ẹ̀, kílíà rẹ̀ sì sábà máa ń tín-ín-rín ju ti ojú pẹrẹsẹ lọ. Bí sẹ̀rámíìkì àtijọ́ bá ṣẹ́kù díẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ó wà. Ojú kò ní rí i, ìfọkọ̀ àti oòrùn yóò sì jẹ ẹ́ tán bó pẹ́ bó yá.